Alàgbà Inú Ìgò

Ẹja kan wà nínú iyàrá náà tí ó ti kú láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òun sì ni gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ kí ní òwúrọ̀. Alàgbà ni wọ́n ń pè é. Kò ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ. Inú ìgò tín-ín-rín kan ni ó wà, tí wọ́n rọ gilisárìn kún, irú omi kíkì tí àwọn ènìyàn fi ń pa ara kí awọ wọn má baà gbẹ, wọ́n sì fi iná lẹ ẹnu ìgò náà pa. Kì í mì, kì í jẹrà, kì í jẹun, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìyá Dígí a máa sọ pé nínú gbogbo àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí náà, Alàgbà nìkan ni kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí.

Ìyá Dígí ni ó ń tọ́jú ẹ̀rọ awò tí ó gba ìdajì iyàrá náà, ẹ̀rọ tí ń sọ ohun tí ojú lásán kò lè rí di ńlá. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ilé ìtajà awò ojú ni ó ti kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ lọ lẹ́ńsì. Ó ti di ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí tí ó ti wà ní ilé ìwádìí. Kò lè fara da ìfiṣòfò. Bébà tí a fi ń nu lẹ́ńsì, ẹyọ kan ni ó ń fún ènìyàn. Ẹni tí ó bá sì fi iná sílẹ̀ láìpa yóò gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Ní agogo méje ààbọ̀ àárọ̀, á tan ẹ̀rọ, á gbé Alàgbà sábẹ́ rẹ̀, á wo àwòrán tí ó bá jáde. Bí ó bá mọ́ kedere láti òkè dé ìsàlẹ̀, á kọ ọ̀rọ̀ méjì sínú ìwé tí ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn: "Ó dára." Á fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹlòmíràn tó lè fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ tí ó ṣe sí ẹ̀rọ náà ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ti sọ ọ́ di ẹni tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń dìde kí. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ ya àwòrán ohun alààyè láti òkè ara rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, lẹ́ńsì ńlá tí ó ki ẹnu bọ omi lókè ẹja ni wọ́n máa ń gbé sókè, gbé sódò. Iṣẹ́ náà a máa falẹ̀. Omi a máa mì, ẹja a sì máa bá omi mì. Ìyá Dígí gba lílọ-bíbọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ lẹ́ńsì ńlá. Ó mú un dúró jẹ́ẹ́ sójú kan, ó wá gbé dígí kékeré kan, tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, sí ìkangun kejì tábìlì, kí ìmọ́lẹ̀ láti ara ẹja lè dé ibẹ̀ kí ó tó padà sínú kámẹ́rà. Dígí yìí ni ó ń sá lọ sá bọ̀ báyìí, ní ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ó bá sì ti sún, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé lẹ́ńsì ńlá ni ó sún. Ẹja kò mọ nǹkan kan sí i. Iná tí wọ́n ń tàn sí i pàápàá pẹlẹbẹ bí ewé bébà, kí ó má baà dá ọgbẹ́ sí i lára.

Ẹni tí iṣẹ́ yìí wà fún ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́ja, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní ọdún kẹrin oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Ó fẹ́ rí bí àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké inú ọkàn ẹja ọlọ́jọ́ mẹ́ta ti ń ṣí tí wọ́n sì ń pa dé, nítorí àwọn ọmọ ènìyàn kan wà tí wọ́n ń bí pẹ̀lú ilẹ̀kùn ọkàn tí kì í pa dé dáadáa, kò sì sí ẹni tí ó tíì rí ibi tí nǹkan ti ń wọ́. Ara ẹja yẹn mọ́ gaara, ènìyàn lè wo inú rẹ̀ láìlà á. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó rọrùn ni.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, Ẹlẹ́ja wọlé pẹ̀lú àwo pẹrẹsẹ lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Káàárọ̀. Kí Alàgbà."

"Alàgbà, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ ṣeun tí ẹ ò kú lẹ́ẹ̀kejì."

"Má fi àgbà ṣeré. Gbé tìẹ wá ká rí i."

Wọ́n tẹ́ ẹja kan sínú jẹ́lì rírọ̀ kí ó má baà sá, wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú omi. Dígí bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí eṣinṣin. Àwòrán yọ lójú kọ̀ǹpútà. Apá òkè ọkàn mọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí àwòrán ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ó ń ṣú, títí tí ibi tí àwọn ilẹ̀kùn náà wà fi dà bí ohun tí ènìyàn ń wò láti ẹ̀yìn fèrèsé tí òjò ń lù.

"Ọwọ́ ẹ wúwo," Ìyá Dígí wí. "O ti fún ẹja yẹn mọ́ra kó tó débí."

"Mi ò fún un, Màmá. Ọkàn ẹ̀ ń lù. Ẹ wò ó."

"Kó máa lù yàtọ̀ sí kó ní àlàáfíà."

"Ojú ẹ̀ náà tún gùn. Mo ti ń sọ ọ́. Ojú ẹja mi kì í rí roboto nínú fídíò. Bí ẹyin ló máa ń rí."

"Ojú tó ń ṣàìsàn máa ń wú. Wo ti Alàgbà, ṣé ó gùn?"

Ti Alàgbà kò gùn. Roboto ni, bí bọ́ọ̀lù. Kí ni ènìyàn fẹ́ bá òkú tí kò ṣe àṣìṣe rí jiyàn lé lórí?

Kò tíì gbé ẹja náà kúrò nígbà tí Ọ̀gá wọlé. Ọ̀gá ni olórí ilé ìwádìí náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè, èyí sì ni ó ń mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tètè wọ ènìyàn lára. Ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó mí kanlẹ̀.

"Ọjọ́ Ẹtì ni ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ìròyìn lọ́wọ́ mi," ó wí. "Mi ò bínú sí ẹ. Àwọn kan ò kàn ní ọwọ́ iṣẹ́ yìí ni. Tó bá di ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì tí kò sí fídíò kan tó mọ́, màá gbé iṣẹ́ ọkàn yìí fún ẹlòmíràn."

"Ọdún mẹ́rin mi ńkọ́, sà?"

"O ò ní lè fi gboyè. Mi ò ní purọ́ fún ẹ."

Ẹlẹ́ja gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, bí ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn. "Ṣé ẹ̀rọ kọ́ ni, sà?"

Ọ̀gá kọjú sí Ìyá Dígí. Ìyá Dígí rìn lọ sídìí ìwé ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ó ṣí i, ó sì fi ìka lé orí "Ó dára" ti òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀gá mi orí. Ọ̀rọ̀ bù ṣe.

Ní Ọjọ́rú, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ààyè ti kún. Ìyá Dígí fa àga jókòó láti pa àwọn fídíò tí kò wúlò rẹ́, nítorí kò sí ohun tí ó ká a lára bí kí ìdọ̀tí gba àyè ohun gidi. Ti Ẹlẹ́ja ni ó pọ̀ jù. Ẹlẹ́ja fúnra rẹ̀ wà ní iyàrá ìfọ-abọ́, ó ń fọ ìgò. Láti ọjọ́ méjì, ìgò fífọ̀ ni ó ń fi òwúrọ̀ ṣe. Ìyá Dígí ń ṣí wọn, ó ń wò wọ́n fìrí, ó ń pa wọ́n rẹ́. Èyí ṣú, ó lọ. Èyí náà ṣú, ó lọ.

Ó wá kan méjì tí ó tẹ̀ léra. Ẹja kan náà ni. Ẹlẹ́ja kọ ọ́ sábẹ́ wọn: "Ó dùbúlẹ̀ lórí ikùn," "Ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́." Ó ti yà á, ó yí i padà, ó sì tún un yà. Ìyá Dígí ti na ìka láti pa wọ́n rẹ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú afẹ́fẹ́.

Nínú ti àkọ́kọ́, ojú ẹja gùn láti ẹ̀yìn lọ sí ikùn. Nínú ti èkejì, ojú kan náà gùn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Àìsàn wo ni yóò jẹ́ kí ojú ẹja gùn síbí ní agogo mẹ́wàá, kí ó gùn sọ́hùn-ún ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún? Ọ̀nà tí ojú náà ń gùn sí kò yí padà rárá, ẹja ni ó yí. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni. Ọ̀nà tí dígí kékeré ń sá lọ sá bọ̀.

Ìyá Dígí fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ẹni tí ó bá ti ki ṣíbí bọ inú ife omi rí mọ̀ pé ṣíbí náà á dà bí èyí tí ó dá. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́ra nínú omi ju nínú afẹ́fẹ́ lọ. Nínú gilisárìn, ó tún lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ẹja àti dígí kékeré, lẹ́ńsì méjì ni ó wà tí ń gbé àwòrán lé ara wọn lọ́wọ́, ìwọ̀n wọn sì gbọ́dọ̀ bá irú omi tí ẹja wà nínú rẹ̀ mu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkè á mọ́, ìsàlẹ̀ á ṣú, ohun roboto á gùn. Ìyá Dígí mọ èyí bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ó ti ń yan lẹ́ńsì, ó ń pààrọ̀ wọn, títí Alàgbà fi mọ́ kedere láti òkè dé ìsàlẹ̀. Inú gilisárìn ni Alàgbà wà. Inú omi ni ẹja Ẹlẹ́ja wà. Ó ti rán aṣọ fún òkú, ó wá ń bá alààyè jà pé aṣọ kò bá a mu.

Ó ka ìwé ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Àádọ́sàn-án ìgbà ni ó ti kọ "Ó dára" láti ìgbà tí dígí ti dé, tí ó sì fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ó délé ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ó ti tú fìríìjì ẹnìkan palẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìyá Dígí jókòó lórí pèpéle ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, kò bọ́ bàtà.

"Bàbá Ìbejì, mo ti ṣe àṣìṣe."

"Níbi iṣẹ́ ni, àbí nínú ọbẹ̀?"

"Níbi iṣẹ́."

"A dúpẹ́. Mo ti jẹ ọbẹ̀ ọ̀hún."

Kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ gbé ohun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀. Ó ti mọ Alàgbà dáadáa láti ẹnu ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé o lè tún un ṣe?" ó bèèrè.

"Lọ́la. Tí mo bá rí lẹ́ńsì tó yẹ."

"Tún un ṣe, kí o sì panu mọ́. Ọmọ á rí fídíò ẹ̀, ọ̀gá yín á dunnú. Ọdún tó ń bọ̀ lo ń fẹ̀yìn tì, Ìyá Ìbejì. Ta ló pàdánù?"

"Ọmọ yẹn ni. Tí fídíò bá mọ́ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n á ní ó ti fi oṣù mẹ́jọ ya ọ̀lẹ, ìgbà tí wọ́n dẹ́rù bà á ló tó jí. Ọ̀gá ló máa kọ lẹ́tà fún un níbikíbi tó bá ń wáṣẹ́ lọ. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ wúwo ló máa jẹ́ títí ayé."

"Nígbà náà, sọ ọ́."

"Àádọ́sàn-án ìgbà ni mo fọwọ́ sí i. Iwájú ọmọ yẹn ni mo ti ṣí ìwé han Ọ̀gá. Mo fìka lé e."

Ọkọ rẹ̀ mú irin kan lára fìríìjì náà, ó yí i wò. "Ẹlòmíràn ló ti tún èyí ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ mi," ó wí. "Ó sọ fún ẹni tó ni ín pé iná ló bà á jẹ́. Irọ́ ni. Wáyà tí òun fúnra ẹ̀ so síbi tí kò yẹ ló bà á jẹ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń bú u."

"Kí ni kí n fi ìyẹn ṣe?"

"Má fi ṣe nǹkan kan. Mo kàn ní mo ti ń bú u láti àárọ̀ ni."

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kò tan ẹ̀rọ. Iyàrá ìfọ-abọ́ ni ó gbà lọ tààrà. Ẹlẹ́ja wà nídìí ọpọ́n, ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ ẹ ò wúwo," Ìyá Dígí wí. Ó ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n èyí ni ó kọ́kọ́ jáde. "Ẹja ẹ ò ṣàìsàn. Èmi ni. Gilisárìn ni mo fi wọn lẹ́ńsì ọ̀nà dígí. Mi ò wọ̀n ọ́n fún omi."

Ẹlẹ́ja kò yí ojú padà. Omi ń ṣàn lórí ìgò ọwọ́ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Ìyá Dígí kò sọ fún un pé kí ó pa ẹ̀rọ omi.

"Mo sọ fún yín," Ẹlẹ́ja wí níkẹyìn. "Mo ní ojú ẹ̀ gùn."

"O sọ fún mi."

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sọ ọ́. Ẹ ní kí n lọ kí Alàgbà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹja mẹ́tàléláàádọ́rin ni mo ti pa dànù nítorí àìsàn tí kò sí, Màmá. Mo máa ń gé èékánná mi kúrú kí ọwọ́ mi lè fúyẹ́. Mo fi ìkòkò wọn sí ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì mi torí mo rò pé òtútù ń mú wọn." Ó gbé ìgò náà kalẹ̀. "Mo ti kọ lẹ́tà sí màmá mi pé mò ń bọ̀ nílé."

"Ṣé o ti fi ránṣẹ́?"

"Rárá."

"Má tíì fi ránṣẹ́. Ṣan ọwọ́, ká lọ. Tó bá yá, o lè bú mi bó ṣe wù ẹ́, àmọ́ ọ̀sán ọ̀la ò jìnnà."

Lẹ́ńsì tí wọ́n nílò kò sí nílé. Bí wọ́n bá kọ̀wé béèrè rẹ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni yóò gbà. Ìyá Dígí ṣí ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí ó ti wà lábẹ́ aṣọ láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì yọ lẹ́ńsì méjì nínú rẹ̀. Méjèèjì kò tó nǹkan kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá tò wọ́n tẹ̀ léra, tí àlàfo àárín wọn sì pé, wọ́n á ṣe iṣẹ́ ẹyọ kan tí ó yẹ. Ó ṣírò àlàfo náà sórí bébà. Ẹlẹ́ja gba bébà náà láìtọrọ àyè, ó sì tún un ṣírò. Ìyá Dígí jẹ́ kí ó ṣe é.

"Kí la máa fi dán an wò?" Ẹlẹ́ja bèèrè. "Mi ò fẹ́ rí òkú yẹn."

"Kí ni ìwọ máa lò?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ rọ́bà kéékèèké, àwọn tó dà bí eruku. Màá pò wọ́n mọ́ jẹ́lì, màá gbé e sínú omi, bí mo ṣe ń gbé ẹja mi gan-an. Tí wọ́n bá rí roboto lókè, tí wọ́n rí roboto nísàlẹ̀, a jẹ́ pé ó ti bọ́ sí i."

Ojú ọ̀nà tí ó yẹ kí wọ́n ti gbà láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni. Ìyá Dígí lọ mú ìlẹ̀kẹ̀ wá.

Títí ilé ìwádìí fi pa dé lọ́jọ́ náà, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ìsàlẹ̀ ṣì ń rí bí ẹ̀wà. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Dígí ń sún lẹ́ńsì ní ìwọ̀n irun orí kan, Ẹlẹ́ja ń wo kọ̀ǹpútà.

"Ó ṣì gùn."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó ti pọ̀ jù, ó ti ń rí pẹlẹbẹ. Ẹ dá a padà díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí, Màmá, ẹ kì í ṣe ẹni tó ń ti ọkọ̀."

"Mo gbọ́."

"Ẹ dúró. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà rí roboto láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ojú ọ̀run tó kún fún ìràwọ̀. Ìyá Dígí fi okùn so lẹ́ńsì méjèèjì mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà sún. Agogo mẹ́wàá ti kọjá. Ẹlẹ́ja lọ mú ẹja kan.

Wọn kò tíì yà á tán nígbà tí Ọ̀gá wọlé pẹ̀lú bébà ìròyìn rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá Dígí dìde, ó dúró síwájú kọ̀ǹpútà kí ó má baà rí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ẹ tó wo nǹkan kan, mo ní ọ̀rọ̀," ó wí. Ó sì sọ ọ́ láìfi iyọ̀ sí i: gilisárìn, omi, lẹ́ńsì, àádọ́sàn-án ìgbà. "Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí ọmọ yìí bi yín bóyá ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ ni. Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà."

Ọ̀gá gbé bébà ìròyìn rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣé ó ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé nǹkan kan ò tọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin."

"Èmi náà wo fídíò yẹn," ó wí. Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Mo wo ojú ẹja gígùn fún oṣù mẹ́jọ, mi ò bi ara mi pé kí ló dé. Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Ìyá Dígí yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọkàn ẹja kún ojú kọ̀ǹpútà. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ibi tí ó ṣú. Ẹ̀jẹ̀ ń rọ́ wọlé lẹ́yọ lẹ́yọ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn já, ní àárín gbùngbùn rẹ̀, ilẹ̀kùn méjì tín-ín-rín sì ṣí, wọ́n pa dé, wọ́n ṣí, wọ́n pa dé. Ìgbà kan wà tí ọ̀kan nínú wọn pẹ́ díẹ̀ kí ó tó pa dé, ẹyọ ẹ̀jẹ̀ kan sì yọ́ padà síbi tí ó ti wá. Ẹlẹ́ja fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọdún mẹ́rin ni ó ti ń wá ẹyọ kan yẹn.

"Màá kọ̀wé sí ìgbìmọ̀," Ọ̀gá wí lẹ́yìn-ò-rẹyìn. "Màá ní kí wọ́n fún un ní ọdún kan sí i. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, Màmá. Orúkọ yín á wà níbẹ̀."

"Ẹ kọ ọ́, sà. Ẹ kọ pé ó sọ ọ́."

Ọ̀gá yíjú sí Ẹlẹ́ja. "Ìwọ ńkọ́? Tó o bá fẹ́ kí ẹlòmíràn máa tọ́jú ẹ̀rọ fún ẹ láti òní lọ, ó tọ́ sí ẹ. Kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ ní ìbéèrè."

Ìyá Dígí wo ilẹ̀. Kò retí nǹkan kan.

"Inú ṣì ń bí mi sí wọn," Ẹlẹ́ja wí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Ó máa bí mi títí oṣù tó ń bọ̀, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ lẹ́ńsì ọ̀hún, okùn ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀. Ta lẹ fẹ́ kó wá tú u? Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró."

Ọ̀gá jáde. Ẹlẹ́ja fi abẹ́rẹ́ tú ẹja náà kúrò nínú jẹ́lì, ó tì í jẹ́jẹ́ sínú omi. Ẹja náà dúró sójú kan, bí ẹni tí ó ń ronú. Ó fi ìrù lu omi lẹ́ẹ̀kan, ó sì sá lọ sí igun àwo.

"Màmá," Ẹlẹ́ja wí, "ẹ bá mi gbé èkejì wá. Kí ẹ má mì í."

Ìyá Dígí fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo náà.